Bẹ́ ẹ ṣe máa lo fítámì D fọ́mọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, láì ṣi ìwọ̀n

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́mọ jáde ní SCBU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tuntun tó nílò àbójútó pàtàkì, ẹ kú orí ire, ẹ kú ìrọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò mi obìnrin náà dẹ̀ bí tiẹ̀ lọ́sẹ̀ 31, ọmọ ò ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ, èmi ni mò ń sáré láàárín ilé àti ọsibítù nígbà yẹn, nítorí náà mo mọ bó ṣe máa ń rí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, wọ́n á kó ìgò oògùn mẹ́ta mẹ́rin lé yín lọ́wọ́, wọ́n á ní ẹ lo èyí lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ẹ lo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin náà á máa dáhùn "ẹ ṣé mà, ẹ ṣé mà" àmọ́ ọkàn yín ti wà nínú mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá délé tán, ẹ ò ní rántí èwo ni èwo mọ́. Nínú gbogbo ìgò wọ̀nyẹn, ti fítámì D làwọn èèyàn ń fojú kéré jù, wọ́n á ní ṣebí fítámì lásán ni. Kì í ṣe lásán o. Tó bá kéré jù, eegun ọmọ ló máa jìyà ẹ̀, tó bá dẹ̀ pọ̀ jù ó lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́. Ohun tó sì máa ń fa èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe àìbìkítà, ìgò méjì tó jọra tí ohun inú wọn ò jọra ni. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń fún ọmọ yín.

Ọmọ tí wọ́n bá bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 lọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé. Oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún ni ìyá máa ń di ẹrù fọ́mọ. Kálísíọ̀mù tó wà nínú eegun ọmọ tó pé oṣù, bí ìdá 80 nínú 100 ẹ̀ ló jẹ́ pé àárín oṣù mẹ́ta yẹn ló wọlé. Fítámì D náà ń gba inú ibi ọmọ kọjá láti ara ìyá, ìgbà yẹn náà ló ń kóra jọ jù. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ti mọ ojú àìsàn, àwọn tí àìsàn tó ti ṣe ìyá rí àti abẹ́rẹ́ tó ti gbà rí fi sílẹ̀, IgG lorúkọ wọn, àwọn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ kó tó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28 sókè. Ọmọ tí wọ́n wá bí lọ́sẹ̀ 29 tàbí 30, ṣe ló dà bí ẹni tí mọ́tò gbé kúrò ní gáréèjì nígbà tí ẹrù ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan tó burú, ìyá ẹ̀ náà ò ṣe nǹkan kan tó burú, ọkọ̀ ló tètè gbéra. Gbogbo ohun tí à ń ṣe ní SCBU àti gbogbo ìgò tẹ́ ẹ gbé délé, ṣe là ń fi wá ẹrù yẹn lé e lọ́wọ́ lọ́nà.

Ẹ má sì rò pé omi ọyàn á ti ní in tó. Omi ọyàn ni oúnjẹ tó dáa jù lọ fọ́mọ yìí, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jiyàn lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n fítámì D inú ẹ̀ kéré gan-an, lítà kan odindi kì í sábà ju 50 IU lọ. IU ni wọ́n fi ń wọn fítámì yìí, bí ẹ ṣe ń fi mudù wọn gàrí. Ọmọ kílò méjì dẹ̀ rèé, ìdá mẹ́ta lítà kan ló lè mu lóòjọ́, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Kì í ṣe ẹ̀bi ọyàn yín, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ara ló yẹ kó fi oòrùn ṣe ìyókù.

Oòrùn yìí náà wá lọ́rọ̀ tiẹ̀. Màmá àgbà ò ní pẹ́ dé tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbọ́mọ sí oòrùn àárọ̀, kẹ́ ẹ tú u síhòòhò, pé bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo yín nìyẹn. Ẹ má bá wọn jà, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún wọn pé awọ ọmọ yìí ṣì fẹ́lẹ́ bíi bébà, ooru tètè ń jáde lára ẹ̀, tí wọ́n bá tú u síta láàárọ̀ òtútù lè mú un kí wọ́n tó mọ̀, tó bá dẹ̀ di ọ̀sán oòrùn á jó o. Oòrùn kùtù gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtànṣán tó ń pèsè fítámì D nínú, awọ dúdú dẹ̀ máa ń fa ọwọ́ ìtànṣán yẹn sẹ́yìn, ó fẹ́ oòrùn púpọ̀ ju awọ funfun lọ kó tó rí iye kan náà ṣe. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn gíláàsì wíńdò kàn ń gba ooru ni, gíláàsì ti dá ìtànṣán yẹn dúró. Ẹ tún jọ̀ọ́, tí ojú àti ara ọmọ bá ń pọ́n, ìyẹn ibà pọ́njú, ẹ má fi oòrùn wò ó, ẹ gbé e padà sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an, iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló ń wò ó, ìbà yìí lè dé ọpọlọ ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé kíákíá.

Ó kù lórí àjẹsára, ìyẹn agbára tí ara ní láti bá àìsàn jà, kì í ṣe abẹ́rẹ́, torí mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ gbọ́ pé fítámì D ń fún un lágbára ló gbé ọ̀pọ̀ yín débí. Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, eegun nìkan ni gbogbo èèyàn mọ fítámì D mọ́. Ó ń wọlé láti awọ tàbí láti ẹnu, ẹ̀dọ̀ á ṣiṣẹ́ sí i lára, kíndìnrín á parí iṣẹ́ náà, ó wá ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa kálísíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ara náà, àwọn tó ń gbé kòkòrò mì, a rí i pé àwọn fúnra wọn ní ibi tí fítámì D ń jókòó sí lára wọn, wọ́n dẹ̀ lè parí iṣẹ́ ẹ̀ láìdúró de kíndìnrín. Ní 2006 àwọn onímọ̀ ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles fi hàn pé tí ọmọ ogun yìí bá fojú kan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó máa ń fa fítámì D tó wà láyìíká ẹ̀ mọ́ra, ó máa yí i padà sí èyí tó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn lá á wá jẹ́ kó pèsè nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní cathelicidin, oró kan tó ń lu ara kòkòrò jálẹ̀. Wọ́n tún rí ohun kan tó kan àwa aláwọ̀ dúdú: ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà tí fítámì D inú ẹ̀ kéré ò jẹ́ kí oró yẹn jáde dáadáa, ìgbà tí wọ́n bu fítámì D kún un ló tó jáde. Fítámì yìí kan náà ló tún máa ń pàrọwà fáwọn ọmọ ogun yẹn pé kí wọ́n má jà kọjá ààlà, ìyẹn dẹ̀ ṣe pàtàkì fọ́mọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, nítorí ìfun ẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ṣì rọ̀, ìjà inú ara fúnra ẹ̀ lè ṣe wọ́n léṣe ju kòkòrò tí wọ́n ń bá jà lọ.

Ó dáa, ìyẹn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwo àyẹ̀wò. Nínú ọmọ alààyè ńkọ́? Ní 2011 wọ́n gbé ìwádìí ńlá kan jáde láti ìlú Delhi ní Íńdíà, ọmọ tó lé ní 2,000, tí wọ́n kéré nígbà tí wọ́n bí wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù wọn pé, wọ́n fún apá kan ní 1,400 IU lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí wọ́n fi pé oṣù mẹ́fà. Àwọn tó gbà á dàgbà dáadáa sí i, wọ́n wúwo sí i, wọ́n ga sí i, ṣùgbọ́n iye àwọn tí wọ́n dá dúró sọ́sibítù àti iye àwọn tó kú ò dín kù. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Ẹ fún ọmọ ní fítámì D torí eegun àti ìdàgbàsókè ẹ̀, torí pé àwọn ọmọ ogun ara náà nílò ẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra tòun ní ìlọ́po mẹ́ta owó nítorí pé àìsàn ò ní kan ilẹ̀kùn ọmọ yín mọ́, owó yín ló ń wá. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ẹni tọ́mọ ẹ̀ ti wà nínú íńkúbétọ̀ fún oṣù kan, kò sí ohun tí wọ́n ní kó rà tí ò ní rà.

Ó yá, ká dé ìdí ìgò.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pé IU mélòó ni ọmọ mi máa gbà lóòjọ́. Ẹ má béèrè pé ẹ̀kán mélòó, ẹ má béèrè pé ml mélòó, IU lẹ béèrè, ẹ wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ. Ẹ̀kán àti ml lè yí padà tẹ́ ẹ bá ra ìgò míì, IU ò ní yí padà. Ọmọ yín lè gba iye tó yàtọ̀ sí tọmọ ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kíyẹn kó yín lọ́kàn sókè, àwọn àgbà gan-an ò sọ iye kan náà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ní 2013 pé ọmọ tí ò tó kílò kan àtààbọ̀ kó máa gba 200 sí 400 IU lóòjọ́, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ kó máa gba 400, kó má dẹ̀ ju 1,000 lọ. Àwọn ti Yúróòpù sọ ní 2022 pé kílò kọ̀ọ̀kan 400 sí 700 IU, àwọn náà dá a dúró ní 1,000 lóòjọ́. Àjọ ìlera àgbáyé náà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé 400 sí 1,000 lóòjọ́ fáwọn tó kéré gan-an tó ń mu omi ọyàn, títí oṣù mẹ́fà. Ẹ wò ó, gbogbo wọn fẹnu kò pé kó má kọjá 1,000. Dókítà tó mọ ìwọ̀n ọmọ yín àti èsì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló máa mú iye kan láàárín ìyẹn, òun ni kẹ́ ẹ bá lọ.

Wàyí o, ẹ mú ìgò yín, ẹ lọ síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, ẹ ka ara páálí ẹ̀. Ibi kan wà tí wọ́n ti máa kọ iye fítámì D tó wà nínú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń wá gan-an ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé iye yẹn: ṣé nínú ml kan ni 400 IU wà, àbí nínú ẹ̀kán kan? Ìgò méjèèjì wà lọ́jà, wọ́n lè jọ ara wọn bí ìbejì. Tó bá jẹ́ 400 IU nínú 1 ml, tí dókítà dẹ̀ sọ 400, síríńjì kékeré lẹ máa fi fa 1 ml. Tó bá jẹ́ 400 IU nínú ẹ̀kán kan, ẹ̀kán ẹyọ kan ṣoṣo, ó parí. Àwọn ìgò míì, pàápàá èyí tó ń ti Yúróòpù wá, kì í kọ IU, mcg ni wọ́n máa kọ, tí wọ́n á tún kọ µg nígbà míì, ìkan náà ni. Ẹ sọ mcg di ìlọ́po 40, IU nìyẹn. 10 mcg jẹ́ 400 IU, 5 mcg jẹ́ 200, 25 mcg jẹ́ 1,000.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣojú mi. Ìyá kan gbé ọmọ wá, ọmọ náà ti ń dàgbà dáadáa tẹ́lẹ̀, ó wá dédé ń bì, kì í yàgbẹ́, kò fẹ́ mu ọyàn mọ́, àmọ́ pámpásì ẹ̀ ń rin ṣáá. A yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kálísíọ̀mù ti ga kọjá bó ṣe yẹ. Ìgbà tá a ní kí ìyá kó gbogbo oògùn tó ń lò wá la tó mọ̀dí. Ìgò àkọ́kọ́ tá a fún un, ml kan ló ń fún ọmọ nínú ẹ̀, ó dẹ̀ tọ̀nà. Ìgò yẹn tán, àbúrò ẹ̀ tó wà lókè òkun fi òmíràn ránṣẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, ẹlẹ́kàn-án-kan ni, ìyẹn èyí tí ẹ̀kán kan ẹ̀ jẹ́ 400 IU, ìyá dẹ̀ mú dírọ́pà inú ìgò àkọ́kọ́, ó ń fi fa ml kan nínú ìgò kejì. Ml kan lè tó ẹ̀kán 20 sí 30. Ohun tọ́mọ ń mu lóòjọ́ wá jẹ́ 8,000 sí 12,000 IU, odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án. A dá a dúró, a fa omi sí i lára, a dá fítámì yẹn dúró pátápátá, Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara ẹ̀ yá. Ìyá yẹn sunkún títí, ó ń ní òun lòún fọwọ́ ara òun ṣe é, mo ní rárá mà, kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Kò tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní 2010 ìjọba Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ wọn tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, pariwo pé dírọ́pà inú àwọn ìgò kan ń gbà ju 400 IU lọ, pé káwọn òbí ṣọ́ra. Nítorí náà, dírọ́pà ìgò kan, ìgò yẹn nìkan ni. Tí ìgò bá tán, ẹ ju dírọ́pà ẹ̀ nù pẹ̀lú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ra òmíràn, kódà kó jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà, ẹ tún kà á bí ẹni tí ò rí i rí.

Níbi tẹ́ ẹ ti máa rà á: kẹ́mísì tó ní apòògùn gidi, kì í ṣe inú bọ́ọ̀sì, kì í ṣe lórí àtẹ nínú oòrùn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ wò ó bóyá ọmọ ìkókó ni wọ́n ṣe é fún. Kápúsù àgbàlagbà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ gún lábẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ fún ọmọ díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ má gbà, kò sẹ́ni tó lè wọn díẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá fi ìgò ránṣẹ́ sí yín láti London tàbí Houston, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e lọ fi han nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Ẹ tún ka gbogbo ohun míì tọ́mọ ń mu. Ẹ̀rọ ìṣírò fóònù yín tó fún èyí. Dírọ́ọ̀pù màlùtifítámì tí wọ́n fún yín lè ti ní 400 IU nínú ìwọ̀n tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fún un, tí dókítà bá dẹ̀ sọ 400 ó lè jẹ́ pé òun náà ló ní lọ́kàn, ẹ wá lọ ra fítámì D lọ́tọ̀, ó ti di ìlọ́po méjì. Wàrà inú agolo ní in, èyí tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé tún ní ju ti gbogbo ayé lọ. Pàúdà tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi ọyàn ní wọ́ọ̀dù kó lè lágbára sí i, òun náà ní in. Ẹ béèrè ní tààrà: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, iye tẹ́ ẹ sọ yìí, ṣé ti gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ni àbí ti ìgò yìí nìkan?" Ìbéèrè yẹn ò ní bí dókítà gidi nínú. Ìgò aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó máa ń kun aṣọ, áyọ́ọ̀nù nìyẹn, ti ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹ fi bébà kékeré lẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ má baà fi ọ̀kan ṣe èkejì nígbà tí oorun bá ń kùn yín lóru.

Fífún un ò le. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ mú àsìkò kan lóòjọ́, ó dáa kó jẹ́ kó tó mu ọyàn àárọ̀, ìgbà tí ebi ń pa á, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé máa fún un, torí mo ti rí ibi tí bàbá fún un tán tí màmá àgbà náà tún fún un. Ẹ máàkì ẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri gbàrà tẹ́ ẹ bá fún un. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kàn-án-kan, ẹ lè kán an sórí ọmú kọ́mọ fi ẹnu gbà á, tàbí sórí ìka tó mọ́, kó fà á lá. Ẹ dorí ìgò kodò bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ sára páálí, ẹ ní sùúrù, òróró ni, ẹ̀kán àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ jáde, ẹ má gbọn ìgò, ẹ̀kán mẹ́ta lè jáde pọ̀. Tí ò bá dá yín lójú, ẹ kán an sórí ṣíbí tó mọ́ ná, kẹ́ ẹ fojú rí i, kẹ́ ẹ tó gbé e fọ́mọ. Tó bá jẹ́ síríńjì, ẹ gbé orí ọmọ sókè díẹ̀, ẹ ti ẹnu síríńjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ẹ máa tì í díẹ̀ díẹ̀, kó máa gbé e mì. Ẹ má fi sọ́nà ọ̀fun tààrà, ó tètè máa ń pá ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé lórí. Ẹ má bu ú sínú odindi ìgò wàrà tàbí kọ́ọ̀bù omi ọyàn, ó máa lẹ̀ mọ́ ara ike, ọmọ lè dẹ̀ má mu ún tán, ẹ ò ní mọ iye tó wọlé. Ẹ má pò ó mọ́ omi, àgbo tàbí gripe water, ọmọ yìí ò tíì nílò ìkankan nínú wọn.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ fún un tọ̀la lọ́la, ẹ má fún un ní ìlọ́po méjì láti fi dí i. Fítámì D máa ń pẹ́ nínú ara, ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kó tó dín sí ìdajì, ọjọ́ kan ò lè ba nǹkan kan jẹ́. Tó bá pọ̀ ọ́ jáde náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dúró dọ̀la.

Àwọn àmì tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ nìyí. Tó bá pọ̀ jù: èébì, àìyàgbẹ́, kò fẹ́ mu ọyàn, ìtọ̀ ń pọ̀ lódì, ẹnu ń gbẹ, ara rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹ dá a dúró, ẹ gbé ọmọ àti ìgò lọ sọ́sibítù. Tó bá kéré jù tàbí tí eegun ò rí ohun tó tó: ọmọ ń ké tẹ́ ẹ bá gbé e tàbí tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ pámpásì, ó ń dá apá tàbí ẹsẹ̀ kan sí, ẹ̀yìn orí ẹ̀ ń rọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ga sí i. Eegun ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ láìsí pé ó ṣubú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fà á tàbí gbọ̀n ọ́n nígbà ìwẹ̀. Fítámì D nìkan kọ́ ló dẹ̀ máa ń wò ó. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń di eegun, fítámì D ló kàn ń ṣílẹ̀kùn fún kálísíọ̀mù. Ní Nàìjíríà wa níbí, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jos tí wọ́n gbé jáde ní 1999 fi hàn pé àwọn ọmọ tó ti ń rìn tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀, kálísíọ̀mù ló wò wọ́n ju fítámì D nìkan lọ. Ìyẹn ló fà á tá a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní wọ́ọ̀dù láti wo kálísíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní ALP, tó ń fi bí eegun ṣe ń ṣe hàn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ, ẹ má sọ pé ọmọ ń sanra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba, ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ pé ọmọ tó ń mu ọyàn kó máa gba 8.5 sí 10 mcg lóòjọ́ látọjọ́ tí wọ́n bí i, pé èyí tó bá ń mu ju 500 ml wàrà inú agolo lọ ò nílò ẹ̀. Ọmọ tó pé oṣù lọ̀rọ̀ yẹn wà fún. Tiyín, ohun tí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ bá kọ sínú lẹ́tà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ̀yin gan-an tí awọ yín dúdú tẹ́ ẹ dẹ̀ ń gbé níbi tí oòrùn ò ti fi bẹ́ẹ̀ sí, ẹ bi dókítà nípa tiyín náà, torí fítámì D tí ìyá ní nínú oyún lọmọ gbé wáyé.

Ẹ padà sórí àjẹsára díẹ̀, nítorí ohun tó ń dáàbò bo ọmọ yìí jù wà lọ́wọ́ yín láì náwó. Omi ọyàn, àní ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó pupa yẹn. Gbígbé ọmọ sáyà, ara kan ara, bí kangarúù: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ilé-Ifẹ̀ wà nínú ẹ̀, jáde ní 2021, àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n láàárín kílò 1 sí 1.8, àwọn tí wọ́n gbé sáyà ìyá kíákíá lẹ́yìn ìbí, ikú láàárín wọn fi ìdá 25 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ dìgbà tí ara wọn balẹ̀. Mi ò tíì rí ìgò kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́, kí àwọn àlejò náà fọwọ́, ẹni tó ní ọ̀fìnkìn kó kí yín láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ dẹ̀ má dá abẹ́rẹ́ dúró torí pé ọmọ kéré: ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 la ń kà láti ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, a kì í yọ ọ̀sẹ̀ tó kù sílẹ̀ nínú oyún kúrò. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó bóyá ó yẹ kó ti máa rẹ́rìn-ín tàbí kó jókòó, ìgbà yẹn lẹ lè yọ ọ́. BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, nìkan làwọn ibòmíì máa ń ní kó dúró títí ọmọ á fi wúwo díẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ ẹ̀ sínú káàdì fún yín.

Tó bá di ọjọ́ klíníìkì, ẹ kó gbogbo ìgò sínú báàgì, kódà àwọn tó ti tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọmọ, ẹ béèrè bóyá iye IU yẹn máa yí padà báyìí tó ti wúwo sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbà á títí wọ́n á fi pé ọdún kan, àwọn kan á dín in kù kó tó dìgbà yẹn tí wàrà inú agolo bá ti pọ̀ lóúnjẹ wọn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín torí pé ìgò tán lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ra òmíràn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ dẹ̀ ka ara páálí ẹ̀.